Ọ̀lẹ, Ìmẹ́lẹ́ àti Ọkàn Ẹja

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta
Lóṣù tó kọjá mo gé Ọ̀lẹ kúrò lára ẹyin ẹja. Ẹja ń lúwẹ̀ẹ́. Mo gé Ìmẹ́lẹ́ – ẹja ń lúwẹ̀ẹ́, ó tilẹ̀ sanra. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ bẹ́ẹ̀, jíìnì méjì, àbùdá tí ẹja ń jogún, tí wọn ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá wa nílé ìwádìí ò gbà. Ó ní àwọn ló ń mọ ọkàn ẹja bí ẹni mọ ilé. Bí ọ̀kan ò bá sí, èkejì á bá a ṣe é. Odidi ìwé ni màmá yìí kọ lé e lórí, òun náà ló fẹ́ fi ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére, torí ó ń fẹ̀yìn tì. Bí mi ò bá rí nǹkan tuntun kó tó lọ, Ẹlẹ́nu-bí-abẹ tó wà ní tábìlì kejì ló máa gba àwọn ẹja mi. Èmi á gba ilé lọ.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Mo gé méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà
Ọkàn ò mì. Ẹyọ kan ò mì. Ọ̀gá yọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ – ó ní ṣé òun ò ti wí. Inú bí mi. Ohun tó ti mọ̀ látọjọ́ yìí ni mo wá bá a rí!

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Ìyá mi pè. Ó ní ṣé mo ṣì ń pa ẹja tí ẹnikẹ́ni ò ní jẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ajé, ọjọ́ kẹwàá
Mo yẹ àwọn òkú ẹja wò. Jíìnì kẹta kan ti ya wèrè nínú wọn, ó ń ṣiṣẹ́ àṣejù. Mo sọ ọ́ ní Jàǹdùkú. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni Ọ̀lẹ àti Ìmẹ́lẹ́ dì í mú ńkọ́? Mo ní màá gé òun náà. Ẹlẹ́nu-bí-abẹ rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i láyà. Ó ní ẹja ti kú, mo tún fẹ́ gé e, ṣé mo fẹ́ fi se ọbẹ̀ ni.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá
Mo gé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lára ẹyin tuntun. Abẹ́rẹ́ ń ṣẹ́. Ọlọ́run ẹja, gbà mí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá
Wọ́n ń mì! Ọkàn wọn ń mì!

Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Àyẹ̀wò dé. Jíìnì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ lóòótọ́, ọkàn sì ń mì. Ó já sí pé Ọ̀lẹ àti Ìmẹ́lẹ́ ò mọ ọkàn kankan rí. Jàǹdùkú ni wọ́n ń ṣọ́ kó má pa ọkàn. Ìwé Ọ̀gá ti forí ṣánpọ́n.

Mo sọ fún un. Ó fojú sí awò tí a fi ń wo ẹyin ẹja, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, omi wà lójú ẹ̀. Ó ní àṣé gbogbo ayé òun lòun fi ń pe ọlọ́dẹ ní bíríkìlà. Mo ní ẹ má bínú mà. Ó ní kí n panu mọ́. Ẹja di tèmi, ó ní, àmọ́ èmi ni màá sọ ọ̀rọ̀ ìdágbére náà. Òun á jókòó níwájú, kí n sọ ọ́ gbangba pé òun ṣì í.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Mi ò tíì lè kọ gbólóhùn yẹn.