Oúnjẹ Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Mo Wọ̀n

Ìyá mi àtàtà,

A ti ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ yín. Yàrá yín nílé wa ní àdúgbò Àrẹ̀mọ ṣì wà bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀, mi ò tíì lè gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Inú ń bí mi, màmá, ẹ̀yin gan-an ni mo sì ń bínú sí.

Ṣé ẹ rántí òṣùwọ̀n kékeré tí mo gbé wálé lọ́dún tí bàbá wa kú, nígbà tí mo ń kọ́ ìmọ̀ ètò ilé? Ẹ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tiyín, dòmẹ́síìkì sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é, kéèkì ni wọ́n sì kọ́ yín láti yan, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ní ófùn ní àdúgbò wa. Ìránṣọ nìkan lẹ rí mú bọ̀ níbẹ̀, òun náà lẹ sì ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù yín. Wọ́n kọ́ àwa ní tiwa pé àwọn tó kọ́kọ́ ṣèwádìí ohun tí ìdílé ń jẹ kàn ka gbogbo ilé sí ẹnu kan ṣoṣo ni. Wọ́n ní àṣìṣe ni, pé abọ́ oníkálukú ló yẹ ká wọ̀n.

Mo wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, èbà tèmi, ti Sàkírà àbúrò mi, àti tiyín. Ẹ bu tiyín kún dáadáa. Ó yà mí lẹ́nu, torí ohun tí mo mọ̀ mọ́ yín ni, "Ẹ jẹ tiyín jàre, mo ti jẹun ní ṣọ́ọ̀bù." Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ìwádìí iléèwé mi pé ìyá yó. Olùkọ́ mi yìn mí. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, fọ́ọ̀mù yẹn ni mo ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, kí wọ́n lè rí ilé tí ìyá ti ń jẹ àjẹyó.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Sàkírà fà mí lọ sẹ́yìnkùlé. Ó ń sunkún.

"Àǹtí mi, èmi ni mo jẹ oúnjẹ màmá o. Tẹ́ ẹ bá ti gbé ìwé yín wọ yàrá báyìí, wọ́n á gbé e fún mi. Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ sọ fún yín."

Kí ló dé, màmá? Ṣé ojú ló tì yín ni, àbí ẹ fẹ́ kí iṣẹ́ mi dára? Lánàá, mo yí ọ̀kan nínú bùbá tí ẹ̀ ń wọ̀ lọ́dún yẹn sódì. Ojú ìrán mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ ń rù, ẹ sì ń fi ọwọ́ ara yín rán aṣọ yín wọlé díẹ̀díẹ̀, kí n má baà mọ̀. Èmi tí mo jókòó tì yín ń wo òṣùwọ̀n, mi ò wojú yín. Ẹ foríjì mí.

Mo ti fagi lé ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù náà. Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ dípò rẹ̀. Kí lẹ jẹ lọ́jọ́ mẹ́ta yẹn, Ìyá mi?

Èmi ni,
ọmọ yín tó yó.