Mẹ́ta Ni Dókítà Rí, Méjì Ni Mo Bí

Mi ò wá síbí láti wá tọrọ àforíjì o, ìmọ̀ràn ni mo fẹ́. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Ọmọ mẹ́ta ló wà nínú mi, mo ní kí dókítà yọ ọ̀kan, ọkọ mi ò sì mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí.

Ìsọlọ̀ la ń gbé. Ọkọ mi ń ta táyà ní Mafoluku, èmi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike. Ó pẹ́ gan-an ká tó rí oyún... ẹ̀yin tọ́rọ̀ yìí ti ṣe rí mọ̀ ọ́n, táwọn tẹ́ ẹ jọ ṣègbéyàwó lásìkò kan náà bá ń mú ọmọ lọ sílé ìwé. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi rí torí fibroid, mo tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tá a wá lọ ṣe IVF, dókítà ní embryo kan ló dáa kí òun fi sí mi nínú, tó bá pọ̀ jù, méjì, torí ilé ọmọ mi ò lágbára. Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó fi mẹ́ta sí i. Ìyá ẹ̀, Màmá Ọ̀yọ́ la máa ń pè wọ́n, ní ká má fi ìwọ̀n sí àánú Ọlọ́run. Dókítà gbà fún wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró.

Gbogbo ilé ń yọ̀, àyàfi èmi. Torí mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan... ìbejì ló fẹ́ bí, ẹ̀jẹ̀ ò dá, ó kú lórí ìkúnlẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ màmá mi ní Ailegun, èmi ni wọ́n ń pè ní mọ́mì torí wọn ò mọ èyí tó bí wọn. Nígbà tí dókítà wá pè wá, tó ní BP mi ti ń lọ sókè, pé ilé ọmọ náà lè ya, pé èmi àtàwọn ọmọ lè jọ lọ, pé òun lè dín wọn kù sí méjì, ọkọ mi ní, "Ẹni tó fún wa ní mẹ́ta ló máa ṣọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta." Ká lọ máa gbàdúrà. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò gbàdúrà ni?

Èmi nìkan ni mo padà lọ. Mo sọ fún dókítà pé ọkọ mi ti gbà, pé kò kàn lè wò ó ni. Mo yíjú sí ògiri, mò ń sunkún, ṣùgbọ́n mi ò ní kó dúró. Mo délé, mo ní ọ̀kan ti lọ fúnra ẹ̀. Ọkọ mi sunkún, mo sì dì í mú.

Pẹ̀lú méjì náà, díẹ̀ báyìí ló kù kí n kú nínú theatre. Táíwò àti Kẹ́hìndé ti ń sáré káàkiri pálọ̀ báyìí. Mo máa ń ronú nípa ìkẹta o, I no go lie... ṣùgbọ́n ṣé mo kábàámọ̀? Rárá.

Wàhálà tó wà nílẹ̀ báyìí ni pé ọkọ mi fẹ́ ká lọ lo àwọn embryo tó kù nínú firísà. Ó tún ní kí wọ́n fi mẹ́ta sí i, pé èyí tó lọ máa padà wá. Màmá Ọ̀yọ́ ti ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Mo ní mi ò ṣe, ó ní ṣé mo kórìíra ọmọ ni. Ó ti bá dókítà sọ̀rọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa lọ... dókítà tó rò pé àwa méjèèjì la jọ gbà pé kó yọ ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu ẹ̀, ó parí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń tẹ "apànìyàn" lórí fóònù yín, mo rí yín. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Dókítà sọ pé ilé ọmọ mi ò lè gba mẹ́ta, ọkọ mi ní kó fi mẹ́ta sí i... kí lẹ máa pe ìyẹn? Ṣé torí pé èmi ni ì bá kú?

Mi ò ní gbé mẹ́ta mọ́ láéláé, ìyẹn ti yanjú, kì í ṣe òun ni mò ń béèrè. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá kí n sọ òótọ́ fún un nílé, kí ilé tú tó bá máa tú, àbí kí n kọ̀ jálẹ̀ pé mi ò lọ, kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí mì. Ó nífẹ̀ẹ́ mi, mo mọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ wà lórí page yìí, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹnu ta lẹ máa fẹ́ ti gbọ́ ọ?