Ẹ̀rọ Tí Kò Lè Kà Kọjá Oókan, àti Ìkarahun Mẹ́rin Ìyá Àgbà

Rikitea, ní Mangareva,
Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé ọdún Mímọ́ Míkáẹ́lì

Teura ọmọ mi,

Bàbá rẹ Tepano ló ń kí ọ láti erékùṣù wa. Ṣé ara le? Ṣé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu? Ṣé Papeete kò tíì gbé ọ mì? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹja nínú òkun tí omi kò fi wọ̀ ọ́ nímú, òun ni yóò máa ṣọ́ ìwọ náà láàárín àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn. Ní tiwa, a wà, a ò kú, a ò sì sanra. Rosina ìyá rẹ ń kí ọ, ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀ nítorí iṣẹ́ oko ìkarahun tó ń ṣe nínú òkun. Ẹlẹ́dẹ̀ rẹ bí mẹ́sàn-án, ọ̀kan nínú wọn jọ Alfonsi tíṣà wa, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnì kankan, nítorí Alfonsi yìí náà ló ń bá mi ka ìwé rẹ.

Ìwé rẹ dé. O ní o fẹ́ fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, o ní ìṣirò ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti dá ọ lágara, wọ́n ní kí o tún ìdánwò ṣe lọ́sẹ̀ méjì sí i, o ò sì ní í ṣe é, ọkọ̀ tó ń bọ̀ níparí oṣù lo máa wọ̀ wálé, kí ìyá rẹ tẹ́ ibùsùn rẹ. Ọmọ mi, mo sunkún. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ni mo tà kí o tó dé ibẹ̀, àjẹ̀ ni mo fi ń tukọ̀ báyìí, apá mi ti tó ti ẹni méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀, mo ní ẹ̀bi rẹ kọ́. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ náà kò mọ̀ ju òdo àti oókan lọ. Teura, ta ló ta irú rẹ̀ fún wọn? Àbúrò rẹ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ń ka dé méje, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń fo márùn-ún. O tún ní bí wọ́n bá kọ 1000 síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ á ní mẹ́jọ ni. Ohun tó rí ẹgbẹ̀rún tó pè é ní mẹ́jọ, ibà ti ṣe é rí ní kékeré. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo lọ bá Fadá pé kí wọ́n fi í sínú àdúrà àwọn aláìsàn lọ́jọ́ Àìkú. Fadá béèrè orúkọ rẹ̀, n kò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní ó dìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n.

Alfonsi wá ṣàlàyé fún mi pé iná ni wọ́n fi ń kà á, bó bá tàn, oókan ni, bó bá kú, òdo ni. Mo ní ìyẹn ò le. Mo jókòó ti súìṣì iná sólà wa, mo ń tan án, mo ń ní oókan, mo ń pa á, mo ń ní òdo, mo fẹ́ kà á dé méjì kí n lè kọ́ ọ. N kò dé méjì tí súìṣì fi kán. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ilé wa ti wà ní oókan, kò fẹ́ padà sí òdo mọ́, ìyá rẹ kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Mo tú rédíò wa wò bóyá mo máa rí òdo kan níbẹ̀. Ẹyin ọmọńlé méjì ni mo rí, mo sì dá wọn padà.

Ìwé ìdánwò rẹ tí o ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, Alfonsi fi ẹ̀rọ ọ́fíìsì rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi. Wọ́n ní kí o fi 0011 kún 0111, o sì kọ 0122. Tíṣà yín wá fi gègé pupa fa ìlà sí i bí ẹni tó ń pa ejò, ó kọ 1010 sísàlẹ̀. Inú bí mi. Oókan àti oókan, méjì ni, afọ́jú mọ̀ ọ́n! Mo ti mú bébà láti kọ̀wé sí ọ̀gá wọn, mo ti kọ "Ọ̀gá, ojú ò tì yín," nígbà tí wọ́n pè mí pé kí n wá bá wọn ka àgbọn ọdún.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn ará abúlé Taku kó àgbọn wá, àwa ará Rikitea kó tiwa, ìyá mi Eutokia, ìyá àgbà rẹ, ló sì jókòó láti kà á ní kíkà àtijọ́, nítorí kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyá àgbà to ìkarahun mẹ́rin sílẹ̀. Ti ọwọ́ ọ̀tún ni takau, ìyẹn mẹ́wàá. Èyí tó tẹ̀ lé e ni paua, ogún. Lẹ́yìn rẹ̀ tataua, ogójì. Ti òsì pátápátá ni varu, ọgọ́rin. Ìkarahun tó bá dojú dé, tó kọ ẹ̀yìn dúdú sí wa, kò sí nǹkan níbẹ̀. Èyí tó bá ṣíjú sókè tó ń dán, ọ̀kan wà níbẹ̀. Àádọ́rin ni ti Taku: tataua, paua àti takau ń dán, varu nìkan ló dojú dé. Ọgbọ̀n ni tiwa: paua kan, takau kan.

Ìyá àgbà ní ẹni méjì kì í gbé ilé kan. Bí wọ́n bá ti pé méjì, wọ́n ti di ọ̀kan nìyẹn, kí wọ́n kó lọ sílé tó kàn. Takau ti Taku àti tiwa pé méjì, wọ́n kó lọ sílé paua, ilé takau ṣófo, wọ́n dojú rẹ̀ dé. Nílé paua, onílé, tiwa, àti àlejò, ó di mẹ́ta. Méjì di ọ̀kan, wọ́n kó lọ sílé tataua, ọ̀kan ṣẹ́kù tó ń dán. Nílé tataua, onílé àti àlejò tún pé méjì, ó di ilé varu. Ọgọ́rin àti ogún, ọgọ́rùn-ún. Alfonsi ṣì ń wá ibi tí wọ́n ti ń tan ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀.

Mo wo ilẹ̀. Ọ̀kan ń dán, ọ̀kan dojú dé, ọ̀kan ń dán, ọ̀kan dojú dé. Teura, mo fa ìwé rẹ yọ lápò, mo wo gègé pupa yẹn, mo pariwo débi pé ajá sá. Ìyá àgbà gba ìwé náà, mo tọ́ka sí oókan fún wọn pé èyí ń dán, mo tọ́ka sí òdo pé èyí dojú dé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Wọ́n fi ìka lu 0122 tìrẹ, wọ́n ní ọmọ yìí fi ẹni méjì sílé kan, ó tún ṣe é nílé kejì, ta ló tọ́ ọ? Gbogbo èrò yíjú sí mi.

Èmi ni mo tọ́ ọ lóòótọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, mo ti ilé ìwé dé, mo sì sọ fún ìyá mi lójú àlejò pé kíkà wọn, kíkà ará oko ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí wa bí wọ́n bá fẹ́ ka nǹkan. Ìwọ gan-an, o máa ń jókòó tì wọ́n ní kékeré, tí ẹ ó jọ máa ṣí ìkarahun dé ìkarahun, èmi ni mo máa ń pè ọ́ kúrò pé kí o wá ṣe ìṣirò gidi. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, ojú sì tì mí. Má bínú sí mi.

Ìyá àgbà bi Alfonsi pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ kan wà ní Papeete tó ń kà báyìí. Alfonsi ní gbogbo ẹ̀rọ ni, títí kan fóònù ọwọ́ òun. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí Akakio ẹgbẹ́ wọn ti kú, àwọn ò rí ẹni bá kà mọ́, àwọn ti rò pé sàréè ló kàn. Wọ́n gba fóònù náà, wọ́n gbé e sórí itan bí ọmọ tuntun, wọ́n ní ẹ kú àtijọ́, wọ́n bi í léèrè àwọn èèyàn rẹ̀. Fóònù dún, wọ́n ní ó ti dáhùn.

Nítorí náà, má wọ ọkọ̀ yẹn. Ìyá rẹ ti tẹ́ ibùsùn, mo ti ká a padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Bí Ọlọ́run bá pèsè, fi ẹgbẹ̀rún mélòó kan ránṣẹ́ kí n lè ra súìṣì kí ìyá rẹ lè dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹgbẹ̀rún ti èèyàn o, kì í ṣe ti ẹ̀rọ, nítorí fáráǹkì mẹ́jọ kò ra ìṣáná. Bí ẹran inú agolo bá wà, fi méjì sí i, kí o kó wọn sílé kan náà, tiwọn kò ṣe nǹkan.

Ìkarahun mẹ́rin ló wà nínú aṣọ tí mo fi di ìwé yìí. Ti ìyá àgbà ni, ìyá tiwọn ló fún wọn, wọn kò ní òmíràn. Wọ́n ní kí o mú wọn dání lọ ṣe ìdánwò, kí ilé rẹ máa dán, kí ìbànújẹ́ dojú dé, kí ohun rere tó bá pé méjì lọ́wọ́ rẹ máa gbé ọ lọ sílé tó ga ju èyí lọ. Mo ṣe àmín. Mo wá bi wọ́n pé kí ni àwọn fúnra wọn á máa fi kà báyìí. Wọ́n ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ìwọ ti ń bá àwọn kà á.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tepano