Nítorí Orúkọ Tí O Fi Pe Ọ̀jọ̀gbọ́n

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀,
Ọjọ́rú.

Ìtùnú ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ilẹ̀ Sípéènì kò tíì gbé ọ mì? Ara gbogbo wa nílé le, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó ń sọ tirẹ̀ bí òjò bá ti ṣú. Ọlọ́run tó gbé ọ kọjá lójú òfuurufú kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yọ̀ nílẹ̀ onílẹ̀. Ayọ̀fẹ́ ọmọ ilé kejì, èyí tó ń kàwé ní Ìjagun, ló máa ya lẹ́tà yìí sórí fóònù fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó má kà á, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó máa kà á.

Gàrí ń tà díẹ̀díẹ̀, a dúpẹ́. Àwọn ará ilé wa ní kí n tún bi ọ́ dáadáa nípa ilé-ẹ̀kọ́ yín, ṣé lóòótọ́ ni pé wọn kì í daṣẹ́ sílẹ̀, tí ọdún mẹ́rin á sì jẹ́ ọdún mẹ́rin? Níbí, bí ọmọ bá wọlé fún mẹ́rin, mẹ́fà là ń kà sílẹ̀ dè é. Àti máàkì yín náà. Lọ́jọ́ tí o ní o gba mẹ́jọ nínú ìdánwò, mo sunkún, mo gbààwẹ̀, mi ò sì jẹ́ kí àwọn ìyá ìjọ gbọ́, àfìgbà tí Ayọ̀fẹ́ sọ pé mẹ́wàá péré ni wọ́n fi ń gba máàkì lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn yìí ò lawọ́ rárá. Kí wọ́n fún ọmọ ní ọgọ́rin kí ìyá rẹ̀ rí nǹkan fi yangàn, kí ló máa ná wọn? O tún fi ọgbà yín hàn mí, kò ní géètì, kò ní fẹ́ǹsì, títì ìgboro ló gba àárín rẹ̀ kọjá. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń lé ewúrẹ́ kúrò ní kíláàsì?

Ohun tí mo torí rẹ̀ mú bírò gan-an nìyí. Lọ́jọ́ tí a jọ ń rí ara wa lórí fóònù, ìyá kan tí orí wọn funfun ju tèmi lọ kọjá lẹ́yìn rẹ, o yíjú sí wọn, o sì pè wọ́n ní Pílà. Mo kọ́kọ́ rò pé ológbò lo ń pè. Wọ́n wá yọjú sí mi, o ní ọ̀jọ̀gbọ́n yín ni, pé àwọn ló máa fún ọ ní máàkì iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ láti kí wọn báyìí ni fóònù bọ́ sínú abọ́ gàrí. Pílà. Kò sí Mà, kò sí Àǹtí, kò sí Ọ̀jọ̀gbọ́n níwájú ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa yọ fóònù jáde, ẹ̀rín lò ń rín, o ní bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ohun tí Wàhábì ọmọ ìsàlẹ̀ ilé náà wí nìyẹn nígbà tó ń pe ọ̀gá rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì lórúkọ. Ṣé ibi iṣẹ́ náà ló ṣì wà lónìí?

Oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Mo mọ àgbà, wọn kì í fi í hàn lójú. Wọ́n á máa bá ọ rẹ́rìn-ín, wọ́n á jẹ́ kó di ọjọ́ máàkì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti bá ọ sọ̀rọ̀. Mo wá ń rò ó pé gbogbo ìyà tí mo jẹ lórí ìwé rẹ, orúkọ ẹyọ kan ló máa bà á jẹ́.

O mọ̀ pé bí ọmọ bá ṣẹ àgbà, àwọn òbí rẹ̀ ni í kó ẹbí lẹ́yìn lọ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n Sípéènì kì í ṣe Ìmùṣin tí èèyàn lè gun ọ̀kadà lọ. Ni mo bá pe Bàbá Theophilus, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ olóògbé, mo pe Alhaji Gbàdàmọ́sí tó ni ṣọ́ọ̀bù mi, Ayọ̀fẹ́ sì gbé fóònù dání. Mo kúnlẹ̀, mo ní èmi Mọ́ṣádé ni mo bí ọmọ tó ṣe ohun tí kò dáa yìí, pé mo kọ́ ọ nílé, ìwé àkàjù ló jẹ́ kó gbàgbé, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fi ojú ọmọ wò ó. Alhaji ṣàdúà ní Lárúbáwá, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí ìyẹn sún mọ́ èdè wọn ju tiwa lọ. Bàbá Theophilus dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn ò sì lè dìde mọ́. Bí a ṣe ń fà wọ́n lápá, tí wọ́n ń ké pe ìbàdí wọn, Ayọ̀fẹ́ ò pa fóònù, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú fídíò. Fóònù náà ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa sí èdè wọn, Ayọ̀fẹ́ sì wá àdírẹ́sì ọ̀jọ̀gbọ́n yín rí lórí ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ yín, ó fi í ránṣẹ́ sí wọn. A ò sọ fún ọ, torí o máa ní ká má ṣe é.

Lọ́jọ́ Àìkú ni èsì dé. Wọ́n ní o ò ṣẹ̀ wọ́n rárá, pé orúkọ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń pè wọ́n nìyẹn, bí ẹnì kan bá tilẹ̀ fi oyè kún un, wọ́n á rò pé ẹni náà ń bá àwọn bínú ni. Wọ́n ní ìbàdí bàbá ńkọ́. Wọ́n ní látìgbà tí àwọn ti ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ò rí òbí tó kúnlẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ rí, pé iṣẹ́ rẹ dára, àwọn sì fẹ́ kí o dúró ṣe dìgírì kejì lọ́dọ̀ àwọn. Alhaji ní ẹ̀bẹ̀ wa ló ṣiṣẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, ìwọ lè máa wí tìrẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà. Mọ́ṣádé ọ̀wọ́n ni wọ́n kọ. Mọ́ṣádé lásán. Inú kọ́kọ́ bí mi, Bàbá Theophilus pàápàá ní irú ìwà wo nìyẹn. Mo ní kí Ayọ̀fẹ́ tún un kà. Ìtùnú, Ìyá Ìtùnú ni gbogbo ilé ń pè mí, Màmá Onígàrí ni mí lọ́jà, bàbá rẹ gan-an kò pe orúkọ mi títí ó fi kú. Ìyá mi nìkan ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, látìgbà tí a sì ti sin wọ́n, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo tún ní kó tún un kà. Nígbà tí omi bọ́ lójú mi, mo sọ fún wọn pé ata ni.

Jọ̀wọ́, fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn ìbàdí Bàbá Theophilus, torí tìrẹ ni wọ́n ṣe dọ̀bálẹ̀, kí o sì fi díẹ̀ kún un fún fóònù mi tí gàrí wọ inú rẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni dáadáa nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tí o wá lọ kò ní bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ìwé tí ò ń kà á yé ọ, á ṣe ọ́ láǹfààní, ojú mi á sì rí ọ nílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àmín.

Dúró ṣe dìgírì kejì náà, mo ti gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, Mà ni wàá máa pè é. Bó bá rò pé ò ń bínú, jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo lè pè é ní Pílà nínú ilé wa. Bá mi kí Pílà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mọ́ṣádé.

Ìwọ má pè é bẹ́ẹ̀ o.