Igun Ògiri Tí Mo Wó

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ṣé o sì ń rántí jẹun kí o tó jókòó ti àwòrán ilé láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Èmi wà ní àlàáfíà, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí díẹ̀. Mo gbàdúrà kí lẹ́tà yìí bá ọ níbi tí ọkàn rẹ ti balẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ lè kọ́kọ́ bí ọ nínú.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Mo ti wó ògiri kan nínú ilé ìtọ́jú pàjáwìrì tí o yà. Mi ò tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá wa ní ọ́fíìsì kò sì fún mi láyè. Fara balẹ̀ kà á tán kí o tó gbé fóònù.

O mọ̀ pé nígbà tí wọ́n fi mí ṣe alábòójútó iṣẹ́ yìí, àwọn kan rẹ́rìn-ín pé kí ni obìnrin mọ̀ nípa sìmẹ́ǹtì. Ọ̀gá wa sọ ọ́ sí mi lójú pé, "Ìyá, bí òjò bá bá ilé yìí láìparí, ẹlòmíràn ni yóò kọ́ ilé ìtọ́jú márùn-ún tó kù." Kì í ṣe ìhàlẹ̀ lásán. Bí òjò bá ti dé, odò á bo ọ̀nà, ọkọ̀ ò ní lè kó ẹrù wọlé mọ́, aláìsàn ò sì ní lè jáde lọ sí ilé ìwòsàn tó wà lódìkejì. Lọ́dún tó kọjá, èèyàn mẹ́rin ló kú létí odò yẹn níbi tí wọ́n ti ń retí kí omi fà. Ìdí nìyí tí mi ò fi jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi.

Iṣẹ́ ń lọ bí a ṣe fẹ́. Ògiri ti ga kọjá fèrèsé, ọjọ́ méjìdínlógún ló kù kí òjò dé. Ọ̀gá bíríkìlà wa, tí wọ́n ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án nítorí pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ògiri rẹ̀ tí kò tíì gbẹ, ń yan fanda káàkiri bí ọkọ ìyàwó. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí káfíńtà já bọ́ láti orí àkàbà, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Mẹ́rin nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí pátákó, wọ́n gbé e léjìká, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì, wọ́n sì sáré wọ inú ilé náà lọ, nítorí yàrá ìtọ́jú ni a gbé àpótí oògùn sí. Nígbà tí wọ́n dé igun tí a ti ń yà sí yàrá, wọn ò lè yà. Ìgbọ̀nwọ́ ọ̀kan gbá ògiri, pátákó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, káfíńtà sì ké.

Mo gbé àwòrán rẹ, mo gbé téèpù, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀dì onítáyà tí o yà sínú rẹ̀ á kọjá níbẹ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ibí yìí, kòtò àti òkúta ni. Èjìká ni wọ́n fi ń gbé aláìsàn. Mo sọ fún Má-fọwọ́-kàn-án pé kí wọ́n máa sọ aláìsàn kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n wá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Ìyá wa, ẹni tó ti ru èèyàn láti oko, tí ẹni ọ̀hún ń kú lọ lórí rẹ̀, ẹ ní kó dúró wọ ọkọ̀ míì? Èjìká wa ni táyà wa." Ojú tì mí. Oṣù mẹ́ta ni mo ti lò láàárín wọn, ojoojúmọ́ ni mo ń rí wọn tí wọ́n ń ru igi bákan náà, kò sì wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀bi tèmi ṣáájú tìrẹ.

Mo pe ọ̀gá wa. Ó ní kí n tẹ̀ lé àwòrán, pé wíwó ògiri á jẹ ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a ò ní. Òótọ́ ló sọ. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà," mo sì pa fóònù. Kí n má purọ́, ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n ilé ìtọ́jú tí kò gba aláìsàn wọlé, kí la fẹ́ fi ṣe? Mo ní kí wọ́n gbé òòlù wá. Má-fọwọ́-kàn-án já a gbà lọ́wọ́ wọn. Ó ní òun lòun bí i, òun náà ni yóò nà án. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ wó ògiri tó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀.

A mọ òmíràn, ọ̀nà sì fẹ̀ dáadáa. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la kan páànù tán. Ọjọ́rú ni òjò dé, ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú ìgbà tí a ń retí rẹ̀. A ò tíì rẹ́ ògiri tuntun náà, ilẹ̀kùn méjì kò sì tíì sí, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti dé pẹ̀lú oògùn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin mẹ́rin gbé obìnrin kan dé nínú òjò. Ó ti bímọ nílé, ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Mo dúró síbi tí igun náà wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fìrì. Wọn ò dúró, wọn ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ògiri kan wà níbẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ní díẹ̀ ló kù kí ẹ̀mí rẹ̀ bọ́. Ẹ̀jẹ̀ náà dá, obìnrin náà yè. Mo sunkún, ṣùgbọ́n inú òjò ni mo lọ sun ún sí, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà rí mi fín.

Ọ̀gá wa ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun ò tíì pinnu ẹni tí yóò kọ́ márùn-ún tó kù. Kó pinnu bó ṣe wù ú. Ẹni yòówù kó kọ́ wọn, àwòrán rẹ ni yóò tẹ̀ lé. Nítorí náà, kí o tó fọwọ́ sí i, jẹ́ kí omi fà, kí o wá síbí. Dùbúlẹ̀ sórí pátákó, kí mẹ́rin nínú wọn rù ọ́ láti etí odò dé yàrá ìtọ́jú. Ohun tí ẹ̀yìn rẹ bá sọ fún ọ lójú ọ̀nà, òun ni kí o yà.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di àbámọ̀. Ibi tí o bá fi lẹ́ẹ̀dì ìyàwòrán rẹ sí, ẹ̀mí ni yóò máa là níbẹ̀. Wàá dàgbà, wàá dárúgbó, àwọn ọmọ tìrẹ náà á máa tún iṣẹ́ rẹ ṣe, inú rẹ á sì dùn sí i.

Èmi ni ìyá rẹ, tó bí ọ, tó sì ń kọ́ ohun tí o bá yà.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: Ọkọ obìnrin náà wá dúpẹ́ lánàá. Ó bi mí pé ta ló ya ilé tó gba ìyàwó òun wọlé bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ mi obìnrin ni. Mi ò sọ ti igun náà.