Agogo Tí Mo Lù Ní Ìrọ̀lẹ́

Abà Olókùúta,
Oṣù kẹwàá, 1987.

Ọmọ́ṣaléwá ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òjò Pọ́tákọ́ọ̀tù ń jẹ́ kí aṣọ gbẹ ní Elekahia? Àwa wà láàyè, Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ ń kí ọ. Olúwa yóò máa ṣáájú rẹ lọ síbi iṣẹ́, yóò sì máa sìn ọ́ bọ̀ wálé.

Láti ìgbà tí mo ti ti ọ̀dọ̀ rẹ dé, mi ò yé sọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o mú mi lọ wò níbi iṣẹ́ yín, nínú yàrá tútù tí mo ti faṣọ borí bí ẹni tí ibà ń ṣe. O ní nínú ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo yẹn, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí kò ní ara ló wà níbẹ̀, tí kálukú sì gbà pé òun nìkan ló nilé. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí ẹnì kankan. Dagogo ọ̀gá rẹ, ará Okrika yẹn, ní, Papa, dem no dey, but dem dey work. Mo ní ó yé mi, irú wọn wà ní káńsù wa náà, owó oṣù wọn ń jáde, a ò rójú wọn rí. Ẹ rẹ́rìn-ín, èmi náà bá yín rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tí a ń rẹ́rìn-ín sí.

O tún ní aago wọn kì í bá àsìkò mu, torí bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, àwọn yòókù á sùn, bí wọ́n bá sì jí, wọ́n á rò pé ìgbà tí àwọn sùn náà ló ṣì jẹ́, àfi kí ẹ ní kí wọ́n máa bi aago ẹ̀rọ ńlá tí kì í sùn. Mo káàánú wọn. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń káàánú.

Ní Sátidé tó kọjá, mo toko dé, mo jẹ iyán yó, mo fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí mo lajú, ojú ọjọ́ ò mọ́lẹ̀ tán, aago ní aago mẹ́fà, mo ní ọjọ́ Àìkú ti mọ́. Mo bọ́jú, mo wọ aṣọ funfun, mo lọ lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì lù ú dáadáa. Àwọn tó ń toko bọ̀ sọ ẹrù kalẹ̀, wọ́n rò pé iná ń jó. Mo kí wọn pé ẹ káàárọ̀. Safurat tó ń ta kẹrosíìnì gbé fìtílà wò mí lójú, ó ní, Bàbá, ẹ kú alẹ́. Mo tún bá a jiyàn.

Àwọn àgbà ìjọ pè mí. Gideon, tójú rẹ̀ ti wà lára agogo yẹn tipẹ́, ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi. Àyà mi já, torí láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni okùn rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn tí Ọlọ́run tún lè fi rán mi. Mo sọ ti ẹ̀rọ yín fún wọn, mo ní àsìkò ló lọ nígbà tí mi ò sí níbẹ̀. Bàbá ìjọ bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ara rẹ le, bóyá àwọn ẹ̀rọ tí kò sí yìí ló ń sanwó fún ọ. Ó ní bí aago wọn bá fà sẹ́yìn, ṣé ẹ̀yin lọ́hùn-ún máa ń lé wọn ni? Mo ní rárá, ńṣe ni ẹ máa ń ní kí wọ́n bi ẹni tí kì í sùn. Ó ní ta ni kì í sùn nílé mi? Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé Àtọ́kẹ́.

Bó ṣe parí nìyẹn. Agogo ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn láì bi ìyá rẹ, bí mo bá sì bi í, á ní kí n kọ́kọ́ fọ abọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó bátìrì rédíò ránṣẹ́, kí n lè rí ẹlòmíràn bi. Ire rẹ kò ní bá ọ lójú oorun.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéyínká.