Wọ́n Kí Mi Kú Àbọ̀ Nínú Ilé

Egan, Ọjọ́bọ̀

Ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti kọ ọ́ sílẹ̀: àdágbé yìí ti sú mi.

Ibà dá mi dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, mi ò bá bàálù kankan lọ. Bí mo ṣe jáde lọ pọnmi nírọ̀lẹ́ yìí, Ìyá Sọ̀fíyà, tí yàrá wa kọjú síra, pariwo: "Àǹtí oníbàálù, ẹ kú àbọ̀ o! Kí lẹ rà bọ̀?"

"Ilé ni mo wà jàre."

"Àbí? A ò mọ̀ o!"

Ẹ̀rín tí mo fi ń gbé oúnjẹ fún èrò inú bàálù ni mo rín fún un. Bí ibà bá pa mí ńkọ́? Wọn á ní mo ti fò lọ. Adó-Èkìtì tí àwọn ẹbí mi wà sì jìnnà...

Àmọ́ èmi náà kì í yà kí wọn. Bóyá ìgbéraga ni.

Lọ́la, màá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, màá ní, "Ẹ kú ilé," màá sì jókòó.